Ìyípadà Àwọ̀ nínú Àwòṣe Ìwé Ìròyìn Kékeré Lórí Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ láti Ọ̀rà ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń yí àwọ̀ àwòṣe ìwé ìròyìn kékeré padà nínú ètò ìtẹ̀wé orí kọ̀ǹpútà. Ó fi hàn pé orísun kan ṣoṣo ni àwọ̀ àwòṣe tí a ṣe dáradára ti ń wá, àti pé ẹni tí ó bá mọ orísun náà kò ní máa kun ìwé ní ẹyọ ẹyọ. Ó tún yẹ ohun tí àwọ̀ ń dà wò nígbà tí ìwé bá dé ẹnu ẹ̀rọ fótókọ́pì tí kò mọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, pẹ̀lú ewu tí ó wà níbẹ̀ fún àmì ohùn Yorùbá. Ọ̀rà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni iṣẹ́ náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Àbá tí ó dá ni pé kí olùṣètò ìwé ìròyìn yí àwọ̀ padà láti orísun, kí ó sì dán an wò ní dúdú àti funfun kí ó tó pín in fún àwọn ènìyàn.

1. Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend gbé ẹ̀dà kìíní Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tí kò bá ní ilé ìtẹ̀wé, tàbí tí kò lówó tí yóò fi bẹ ilé ìtẹ̀wé níṣẹ́, kò lè gbé ìwé ìròyìn jáde. Kọ̀ǹpútà ni ó yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Lónìí, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, kí ó sì ṣètò ìwé ìròyìn olójú ewé mẹ́rin láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀rà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú Ìgbómìnà tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1991. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Òkè-Ìlá, ni ó wà. Ìlá-Ọ̀ràngún, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, kò sì jìnnà sí i. Bí a bá ṣe ìwé ìròyìn fún irú ìlú báyìí, ojú oríṣi ènìyàn méjì ni yóò dé. Ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò kà á lórí fóònù pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Àgbà tí ó wà nílé yóò gba ẹ̀dà fótókọ́pì tí àwọ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Ìwé kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì rí lè má jọra rárá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ó kan bóyá ẹni tí a torí rẹ̀ kọ ìwé yóò lè kà á.

2. Ohun tí Àwòṣe Jẹ́

Àwòṣe ni ìwé tí a ti ṣètò sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wọ inú rẹ̀. Àyè orúkọ ìwé ìròyìn ti wà lókè. A ti pín ojú ewé sí òpó ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àpótí ìkéde ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A sì ti fi àwọ̀ sí gbogbo wọn. Nínú Microsoft Word, orúkọ fáìlì àwòṣe máa ń parí sí .dot títí di ẹ̀dà 2003. Láti ẹ̀dà 2007 ni ó ti di .dotx. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, bí a ó ti rí i níwájú.

Ẹni tí ó ṣe àwòṣe ní ilẹ̀ òkèèrè kò mọ Ọ̀rà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹ̀rọ tí a ó fi tẹ ìwé náà jáde. Àwọ̀ tí ó dára lójú tirẹ̀ ni ó fi sí i. Ohun tí olùṣètò sì sábà máa ń kọ́kọ́ fẹ́ yí padà nìyẹn: ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kí ìwé rẹ̀ bá aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mu, ẹgbẹ́ sì fẹ́ kí tirẹ̀ bá àsíá ẹgbẹ́ mu.

3. Àwọ̀ Lójú Yorùbá àti Lójú Kọ̀ǹpútà

Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé ẹbí àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: funfun, pupa àti dúdú. Inú ẹbí dúdú ni èédú, aṣọ tí ó mu aró dáadáa àti ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀ wà. Inú ẹbí pupa ni osùn, epo àti ìyeyè tí ó pọ́n wà. Efun, òwú àti ẹfun ọkà wà nínú ẹbí funfun. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní pàtó, ara ohun tí ojú rí ni èdè ti ń yá orúkọ: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ sánmà, àwọ̀ eérú.

Ọ̀nà mìíràn ni kọ̀ǹpútà ń gbà ka àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni ó ń pò pọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà láti 0 dé 255. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 0, dúdú ni. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 255, funfun ni. Àpapọ̀ oríṣi àwọ̀ tí a lè rí báyìí jẹ́ 16,777,216. Ọ̀pọ̀ yanturu yìí ni ó ń ṣi àwọn olùṣètò lọ́nà. Wọn a máa yan àwọ̀ kan fún àkòrí kìíní, òmíràn fún ìkejì, títí ìwé yóò fi dà bí ẹ̀wù tí a rán láti ara àkísà.

4. Orísun Àwọ̀ nínú Àwòṣe

Iṣẹ́ aláró lè mú kí ọ̀rọ̀ yìí yé ènìyàn. Bí aláró bá ní ogún aṣọ láti rẹ, kì í mú ìyẹ́ adìyẹ kí ó máa fi kun wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú ìkòkò aró kan náà ni ó ń rì wọ́n sí. Bí aró inú ìkòkò bá ki, gbogbo aṣọ ni yóò dúdú. Bí ó bá ṣàn, gbogbo wọn ni yóò rí ràkọ̀ràkọ̀.

Láti ẹ̀dà 2007 ni Word ti ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Theme ni orúkọ tí wọ́n fún àkójọ ìlànà tí àwọ̀ wà nínú rẹ̀. Àyè àwọ̀ méjìlá ni ó wà níbẹ̀: mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mẹ́fà fún ọ̀ṣọ́ bí àkòrí, ìlà àti àpótí, méjì fún ìsopọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹni tí ó ṣe àwòṣe bá kun àkòrí, kì í sọ pé "fi àwọ̀ aró sí i." Ohun tí ó ń sọ ni pé "fi àwọ̀ tí ó bá wà ní àyè kìíní fún ọ̀ṣọ́ sí i." Bí a bá ti pààrọ̀ ohun tí ó wà ní àyè kìíní, gbogbo ohun tí ó ń wo ibẹ̀ yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìbáà jẹ́ ojú ewé mẹ́rin tàbí ogójì.

Orísun kejì ni èyí tí ètò náà ń pè ní Styles, ìyẹn ìlànà tí ó ń sọ bí oríṣi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti rí. Àkòrí ńlá ní ìlànà tirẹ̀, àkòrí kékeré ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ gbogboogbò sì ní tirẹ̀. Ìlànà yìí ni ó máa ń wo inú ìkòkò fún àwọ̀ tí yóò lò.

5. Ìgbésẹ̀ Ìyípadà Àwọ̀

Kí a mú un pé olùkọ́ kan ní Ọ̀rà fẹ́ fi àwòṣe tí ó kún fún àwọ̀ òfeefèé ṣe ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó di àwọ̀ aró. Ìgbésẹ̀ tí yóò gbé nìyí:

(i) Kí ó ṣí àwòṣe náà, kí ó sì fi orúkọ mìíràn tọ́jú rẹ̀, kí ojúlówó má baà bàjẹ́.

(ii) Kí ó wo òkè fèrèsé. Bí ó bá rí Compatibility Mode lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì, tí ó sì jẹ́ fáìlì ayé ẹ̀dà 2003 tàbí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, Theme kò ní ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 2010 àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, kí ó lọ sí File, kí ó tẹ Info, kí ó sì tẹ Convert. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé kọ̀ǹpútà wọn ni ó bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ orí fáìlì ni ó fa ìdíwọ́.

(iii) Nínú ẹ̀dà 2013 àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, kí ó tẹ Design, lẹ́yìn náà kí ó tẹ Colors. Nínú ẹ̀dà 2007 àti 2010, abẹ́ Page Layout ni Colors wà. Bí ó bá gbé ọ̀kọ̀ ìtọ́ka sórí àkójọ kan láìtíì tẹ̀ ẹ́, ìwé yóò fi bí yóò ti rí hàn án.

(iv) Bí kò bá sí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó tẹ Customize Colors ní ìsàlẹ̀ àkójọ náà. Àyè méjèèjìlá yóò hàn. Kí ó pààrọ̀ àyè kìíní fún ọ̀ṣọ́ sí 0, 0, 128, èyí tí í ṣe àwọ̀ aró tí ó ki. Kí ó fún àkójọ náà lórúkọ, kí ó sì tẹ Save.

(v) Kí ó fi ìwé náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòṣe tuntun nípa yíyan Word Template lábẹ́ Save As. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀dà tí ó bá ṣe ní sáà kọ̀ọ̀kan yóò máa jáde ní àwọ̀ kan náà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Colors ni bọ́tìnnì Themes wà. Ẹni tí ó bá tẹ èyí dípò Colors yóò yí àwọ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò yí ìrísí lẹ́tà padà pẹ̀lú. Ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ fún ìwé Yorùbá wà ní ìpín kẹjọ iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí ó ń lo LibreOffice Writer, tí a kì í fi owó rà, lè gba ọ̀nà Styles. Kí ó tẹ F11, kí ó wá orúkọ ìlànà àkòrí, kí ó sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà níbẹ̀. Gbogbo àkòrí tí ó wà lábẹ́ ìlànà náà yóò tẹ̀lé e.

6. Ohun tí Kì í Gba Àwọ̀ Tuntun

Lẹ́yìn ìyípadà, olùṣètò lè rí i pé àkòrí kan tàbí méjì ṣì wà ní òfeefèé. Àdìrẹ oníko ni ó ṣàlàyé èyí jù lọ. Ibi tí a bá fi ìko dì lára aṣọ kò ní gba aró, bí ó ti wù kí aṣọ náà pẹ́ nínú ìkòkò tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ti fi ọwọ́ kùn. Bí a bá mú àwọ̀ láti inú Standard Colors tàbí More Colors, àwọ̀ náà ti dì mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn. Kò tún wo inú ìkòkò mọ́.

Láti tú ìko náà, kí olùṣètò sàmì sí ọ̀rọ̀ náà, kí ó tẹ Ctrl pẹ̀lú Spacebar. Ohun tí a fi ọwọ́ kùn yóò kúrò, ọ̀rọ̀ yóò sì padà sábẹ́ ìlànà rẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, Select Text with Similar Formatting, tí ó wà lábẹ́ Select ní Home, lè kó wọn jọ lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán àti àmì ìdánimọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ àwòrán kò ní yí padà rárá, nítorí àwọ̀ tiwọn wà nínú wọn. Bí orúkọ ìwé ìròyìn tí ó wà lókè kò bá ṣeé sàmì sí, ó ṣeé ṣe kí ó wà ní apá Header. Kí a tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó tó ṣí.

7. Àwọ̀ Lẹ́nu Ẹ̀rọ Fótókọ́pì

Àlàyé òkè yìí tó fún ẹni tí yóò ka ìwé lójú kọ̀ǹpútà. Ti ẹni tí yóò gba fótókọ́pì ṣì kù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sọ àwọ̀ di dúdú, funfun àti eérú, kì í bìkítà nípa orúkọ àwọ̀. Bí ó ti mọ́lẹ̀ sí ni ó ń wò. Ìṣirò kan tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí máa ń mú 0.299 nínú pupa, 0.587 nínú àwọ̀ ewé àti 0.114 nínú àwọ̀ aró, kí ó tó ro wọ́n pọ̀.

Kí a fi ìṣirò náà wo àwọ̀ mẹ́rin. Òfeefèé, tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 255, 255, 0, yóò di 226. Funfun fúnra rẹ̀ jẹ́ 255. Èyí túmọ̀ sí pé àkòrí òfeefèé lórí bébà funfun yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àwọ̀ aró 0, 0, 128 yóò di 15, èyí tí ó sún mọ́ dúdú pátápátá. Yóò hàn kedere. Pupa fòò, 255, 0, 0, yóò di 76. Àwọ̀ ewé, 0, 128, 0, yóò di 75.

Òǹkà méjì tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Kí a sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n ti san owó ìdàgbàsókè ìlú ní àwọ̀ ewé, tí ó sì tẹ ti àwọn tí kò tíì san ní pupa. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ènìyàn. Nínú ẹ̀dà fótókọ́pì, 75 àti 76 kò ní ìyàtọ̀ tí ojú lè rí. Ẹni tí ó ti san owó àti onígbèsè ti di ọ̀kan náà, irú rẹ̀ sì lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ìpàdé. Bákan náà ni yóò rí fún àwọn tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ojútùú rẹ̀ rọrùn: kí a má ṣe fi àwọ̀ nìkan gbé ìtumọ̀. Kí a kọ "ó ti san" sí iwájú orúkọ, tàbí kí a ya àwọn orúkọ náà sí òpó méjì.

Àǹfààní ìpín àwọ̀ Yorùbá hàn níbí. Ẹni tí ó bá bi ara rẹ̀ pé "Ṣé ẹbí dúdú ni àwọ̀ yìí wà, tàbí ẹbí funfun?" ti ń ronú lọ́nà tí ó sún mọ́ ti ẹ̀rọ. Ẹbí dúdú lórí ẹbí funfun kì í já ènìyàn kulẹ̀. Ẹbí pupa ni ó gba ìṣọ́ra, nítorí osùn àti ìyeyè jọ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ń hàn, èkejì ń parẹ́.

Ìlànà àgbáyé nípa kíka ìwé lójú kọ̀ǹpútà náà fi òǹkà sí ọ̀rọ̀ yìí. Dúdú lórí funfun ni ó ga jù, 21 sí 1. Ohun tí ìlànà náà béèrè fún ọ̀rọ̀ kéékèèké kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Àwọ̀ aró tí a mẹ́nu bà lórí funfun tó 16 sí 1. Pupa fòò jẹ́ nǹkan bí 4 sí 1, kò sì tó. Òfeefèé kò ju 1.07 sí 1 lọ.

Ọ̀rọ̀ tàdáwà náà wà níbẹ̀. Àwòṣe tí ó fi àwọ̀ kún gbogbo ẹ̀yìn ojú ewé ń mu tàdáwà bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń mu omi. Kí olùṣètò sọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ di funfun, kí ó sì fi àwọ̀ sí àkòrí àti ìlà nìkan.

8. Àwọ̀ àti Àmì Ohùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni èyí. Àmì ohùn àti ìlà tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ohun tí ó kéré jù lórí ojú ewé. Nígbà tí àwọ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, àwọn ni ó ń kọ́kọ́ sọnù. Lẹ́tà á ṣì hàn fírífírí, ṣùgbọ́n àmì orí rẹ̀ á ti lọ. Bí a bá tún fi fótókọ́pì ṣe fótókọ́pì, àdánù náà á pọ̀ sí i.

Orúkọ ìlú tí iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ tó láti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ọ̀rà ni ìlú. Ọ̀rá ni ohun tí ó wà lára ẹran, òun náà sì ni a ń pe ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń di ọjà. Àmì kan ṣoṣo lórí fáwẹ́lì ìkẹyìn ni ó ya méjèèjì. Ìlá ni ìlú tí ó múlé gbè é. Ilá ni a ń se lọ́bẹ̀. Bí olùṣètò bá fi òfeefèé tẹ orúkọ ìlú sí òkè ìwé ìròyìn, tí àmì sì parẹ́, ohun tí ó kù fún òǹkàwé ni kí ó máa méfò. Ọmọ ìlú yóò mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá kò ní mọ̀ ọ́n.

Ìrísí lẹ́tà náà ṣe kókó. Nínú ìlànà Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní òǹkà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí òǹkà kan ṣoṣo fún ọ tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn papọ̀. Ńṣe ni a ń kó lẹ́tà àti àmì jọ. Ìrísí lẹ́tà tí kò mọ bí a ti ń kó wọn jọ yóò gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi léwu láti tẹ Themes nígbà tí ó jẹ́ Colors ni a ń wá. Ìwé tí àmì rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀ lè dàrú nítorí àwọ̀ tí a fẹ́ pààrọ̀. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí a tẹ Ctrl pẹ̀lú Z, gbogbo rẹ̀ yóò padà sí bí ó ti wà.

9. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé yíyí àwọ̀ àwòṣe padà kò le bí a bá lọ sí orísun. Àyè méjìlá inú Theme ni ìkòkò aró. Styles ni ó ń rì ọ̀rọ̀ bọ inú rẹ̀. Ohun tí a fi ọwọ́ kùn ni ibi tí ìko dì mú. Ó tún ti fi hàn pé àwọ̀ tí ó dára lójú kọ̀ǹpútà lè di òfo lórí bébà, àti pé àmì ohùn ni ó ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Àbá mẹ́ta ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èkíní, kí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jọ fi ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe iṣẹ́ àṣekọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì, kí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwòṣe kan tí a ti yan àwọ̀ àti ìrísí lẹ́tà rẹ̀ ní àyànjẹ́, kí akọ̀wé tuntun má baà máa bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a ṣe fótókọ́pì ẹyọ kan kí a tó ṣe ọgọ́rùn-ún, kí a sì fún ẹni tí ó dàgbà jù nínú ọ́fíìsì ní ẹyọ náà kà. Bí ó bá rí orúkọ ìlú rẹ̀ kà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, iṣẹ́ ti yẹ.